Antarctica kò mọ́ tó bí ẹ ṣe rò: ẹ bi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun rẹ̀

Ẹni tó bá ti rí àwòrán Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìkangun gúúsù ayé, tí yìnyín funfun lọ súà, tí àwọn ẹyẹ penguin tò lọ rẹrẹ, kì í pẹ́ tí á fi sọ pé ibẹ̀ nìkan ló kù láyé tí ìdọ̀tí ọmọ aráyé kò tíì dé. Àwọn olómi inú ike kan pàápàá máa ń ya yìnyín sára ike wọn ká lè gbà pé omi wọn mọ́. Èrò náà sì dùn ún gbà: kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí mọ́tò tó ń tú èéfín. Kí ló fẹ́ dọ̀tí ibẹ̀?

Irọ́ ni. Ẹ gbójú kúrò lára yìnyín, ẹ wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkun.

Winter Quarters Bay ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Apá òkun kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ McMurdo, ibùdó tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ní 1955 sí 1956. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí ìdọ̀tí níbẹ̀ kò le rárá: wọ́n á kó o lọ sórí òkun tó ti dì, wọ́n á fi í sílẹ̀. Tí ìgbà ooru wọn bá dé, yìnyín á fọ́, ẹrù á rì. Ojú kò rí i mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti New Zealand yẹ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wò ní 2001, ọkọ̀ 15, kọ̀ǹténà 26 àti àgbá epo 603 ni wọ́n kà, ká má tíì mẹ́nu ba àwọn pàǹtí mìíràn. Inú omi iyọ̀ sì nìyẹn! Irin á máa jẹrà, bàbà, òjé àti sínkì á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Àwọn ẹranko kéékèèké tó yẹ kó kún inú ẹrẹ̀ náà ti dín kù gan-an.

Casey, ibùdó àwọn ará Australia, náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Láti 1965 títí dé 1986, àfonífojì Thala ni ààtàn tí wọ́n ń dalẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí òkun ní Brown Bay. Lọ́dọọdún tí yìnyín bá ń yọ́, omi á gba àárín ààtàn kọjá, á sì ru òjé àti bàbà lọ sínú òkun. Àdéhùn lórí Antarctica tí àwọn orílẹ̀-èdè bu ọwọ́ lù ní Madrid ní 1991, tó di òfin ní 1998, ló ní kí olúkúlùkù lọ palẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́. Ní 2003 sí 2004, àwọn ará Australia kó ọ̀pọ̀ nínú pàǹtí Thala kúrò. Èyí tó ti wọnú ẹrẹ̀ Brown Bay ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbálẹ̀ òkun?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní: “Ẹ̀bá ibùdó nìyẹn, ibi tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ńkọ́?” Ìdáhùn èyí wà nínú yìnyín gan-an. Àwọn onímọ̀ kan tí Joe McConnell ṣáájú wọn yẹ yìnyín tí wọ́n gbẹ́ káàkiri Antarctica wò, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: òjé láti iléeṣẹ́ ti balẹ̀ síbẹ̀ ní 1889. Roald Amundsen, tó kọ́kọ́ dé ìkangun gúúsù ayé, kò débẹ̀ àfi ní oṣù Kejìlá 1911. Èéfín ti fi ọdún 22 ṣáájú ẹsẹ̀. Wọ́n tún mọ ibi tó ti wá. Oríṣiríṣi átọ́ọ̀mù ló wà nínú òjé, bí wọ́n sì ṣe pọ̀ síra wọn yàtọ̀ láti ibi ìwakùsà kan sí òmíràn, bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìlú tí baba ẹni ti wá. Ilà tí òjé yìí kọ, ti Broken Hill ní Australia ni.

Àmọ́ ẹ má torí èyí sáré lọ sí òdìkejì o. Irọ́ kejì wà, àwọn tó fẹ́ràn àyíká ló sì máa ń pa á jù: pé mẹ́táàlì yòówù tí a bá rí níbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Àwọn ẹran omi oníkarahun tí wọ́n ń pè ní Adamussium, ní Terra Nova Bay, apá òkun kan ní Antarctica, ní cadmium, mẹ́táàlì kan tó ní májèlé, púpọ̀ lára láìsí iléeṣẹ́ kankan nítòsí. Omi láti inú ibú ló ń gbé cadmium yẹn wá sókè, ewé inú òkun á fà á mu, oníkarahun á sì jẹ ewé náà. Òkè ayọnáyèéfín Erebus, tó wà lórí erékùṣù kan náà pẹ̀lú McMurdo, ń tú mẹ́táàlì sínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Àpáta lásán pàápàá ní bàbà àti sínkì nínú.

Ìdí nìyí tí iye kan ṣoṣo, “mílígíráàmù báyìí nínú kìlógíráàmù ẹrẹ̀ kan”, kò fi lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí àwọn onímọ̀ tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ènìyàn, ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi ike ṣe ni wọ́n máa ń tì bọ ẹrẹ̀, wọ́n á fà á jáde gígùn, wọ́n á wá máa gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ọ̀bẹ ike ni wọ́n fi ń gé e, torí ọ̀bẹ irin á fi tirẹ̀ kún un. Ti ìsàlẹ̀ ló pẹ́ jù, ohun tí àpáta àti òkun fúnra wọn kó wá ló wà níbẹ̀. Òjé 210, oríṣi òjé kan tó máa ń dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí ọdún 22, ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí àwọn ipele tó wà lókè. Wọ́n á tún wo alumíníọ̀mù, nítorí ara àpáta ló ti ń wá: bí bàbà bá ròkè tí alumíníọ̀mù kò ròkè, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. (Ekòló òkun tó ń hú ẹrẹ̀ kiri máa ń da gbogbo ìṣírò yìí rú nígbà mìíràn.)

Ní ìhà àríwá ayé, ní Maarmorilik ní Greenland, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Láti 1973 sí 1990, wọ́n ń wa òjé àti sínkì níbẹ̀, wọ́n sì ń da ìyàngbò rẹ̀ sínú apá òkun tó wọ àárín òkè. Lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n ti kógbá sílé, òjé ṣì ga lára àwọn oníkarahun ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.