Ṣé májẹ̀mú Ábúráhámù ti parí?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú. Olùkọ́ wa ní kíláàsì Bíbélì ní gbogbo májẹ̀mú tó wà nínú Májẹ̀mú Láéláé ló parí nígbà tí Jésù kú. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, a tún dìde, à ń gbàdúrà pé kí ìbùkún tí Ọlọ́run ṣèlérí fún Ábúráhámù jẹ́ tiwa. Ṣé èèyàn ń wó ilé tán kó tún máa sùn nínú yàrá rẹ̀ ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kano: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Olùkọ́ yín ò ṣìnà. Hébérù 8:13 ní bí Ọlọ́run ṣe pe májẹ̀mú kan ní titun, ó ti sọ ti àkọ́kọ́ di ògbó, ohun tó sì gbó ti fẹ́ parẹ́. Mi ò mọ bá a ṣe lè tún un kà lọ́nà míì.

Tíṣà Kaduna: Àbúrò mi, ibi tí Hébérù 8 ti mú ọ̀rọ̀ náà ni kó o lọ. Jeremáyà 31:32 dárúkọ èyí tí titun náà ò ní jọ: èyí tí Ọlọ́run bá àwọn baba wọn dá nígbà tó fà wọ́n lọ́wọ́ jáde ní Íjíbítì. Ti òkè Sínáì nìyẹn, níbi tí Mósè ti gba òfin. Kò kan Ábúráhámù, kò kan Nóà. Òṣùmàrè tí Ọlọ́run fi ṣe àmì fún Nóà ṣì ń yọ lójú ọ̀run.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kano: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Àmọ́ Jẹ́nẹ́sísì 17:13 pe ìkọlà ní májẹ̀mú ayérayé. Bí ti Ábúráhámù bá ṣì dúró, ìkọlà gbọ́dọ̀ dúró nìyẹn. Àwọn àpọ́sítélì sì jókòó ní Jerúsálẹ́mù, nínú Ìṣe 15, wọn ò gbé e lé àwọn kèfèrí lórí. Ẹ ò lè mú apá kan kẹ́ ẹ fi apá kan sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ibi tó ká mi lára gan-an nìyẹn. Ọkùnrin ni àwọn ìbejì mi méjèèjì. Ọjọ́ kẹjọ la dákọ́ fún wọn, ìyá ọkọ mi sì ní májẹ̀mú Ábúráhámù nìyẹn. Àwọn Hausa àdúgbò wa máa ń jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pe wánzámì, onífárí tó ń dákọ́ fún wọn, àwọn náà sì ń dárúkọ Ibrahim.

Tíṣà Kaduna: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi ka ọjọ́ orí bàbá yẹn. Inú Jẹ́nẹ́sísì 15:6 ló ti gba Ọlọ́run gbọ́, tí Ọlọ́run sì kà á sí òdodo fún un. Ẹni ọdún 86 ni nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì. Ìgbà tó kọlà, ó ti pé ọdún 99, Íṣímáẹ́lì sì ti di ọmọ ọdún 13. Ó lé ní ọdún 13 tó fi wà lábẹ́ ìlérí láìkọlà! Orí èyí ni Pọ́ọ̀lù dúró sí nínú Róòmù 4: àmì ni ìkọlà, èdìdì ni, òun kọ́ ni ìlérí.

Ẹ sì wo alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá májẹ̀mú náà. Ábúráhámù la abo màlúù, abo ewúrẹ́ àti àgbò sí méjì, ó tẹ́ wọn síra. Àwa Yorùbá mọ ìmùlẹ̀. Ẹni méjì ló ń mulẹ̀, ẹni tó bá dalẹ̀, ilẹ̀ á mú un. Àmọ́ oorun ìjìkà gbé Ábúráhámù lọ, ìléru tó ń rú èéfín àti iná tó ń jó ló gba àárín ẹran náà kọjá. Ọlọ́run nìkan ló kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ló búra, báwo lẹnì kejì ṣe máa dà á? Ní Sínáì, ẹnu àwọn èèyàn ni wọ́n fi ní "gbogbo ohun tí Olúwa wí la ó ṣe", Mósè sì wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Mósè ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí wọ́n fi rọ ọmọ màlúù wúrà.

Bàbá Karu: Mo ti bá èèyàn ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní Nyanya níbí. Ìwé téèyàn bá ti fọwọ́ sí, tẹ́lẹ̀rìí ti fọwọ́ sí, ẹni tó dé lẹ́yìn ò lè fi tiẹ̀ pa á rẹ́. Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nínú Gálátíà 3:17 gan-an nìyẹn: òfin dé ní 430 ọdún lẹ́yìn ìlérí, kò lè sọ ọ́ di asán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kano: Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Mo gbà pé Sínáì ni Jeremáyà ń sọ, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ti Ábúráhámù bá tó, kí ló dé tí Jésù gbé ife, tó ní májẹ̀mú titun nínú ẹ̀jẹ̀ òun?

Tíṣà Kaduna: Torí ègún wà lórí àwọn tó da ti Sínáì. Gálátíà 3:13 sí 14: ó gbé ègún náà kí ìbùkún Ábúráhámù lè dé ọ̀dọ̀ kèfèrí, ìyẹn ọ̀dọ̀ tìrẹ tèmi. Ẹ̀jẹ̀ titun ló mú ìlérí àtijọ́ ṣẹ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kano: Hébérù 7:12 ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n, tó ní bí oyè àlùfáà bá yí padà, òfin náà gbọ́dọ̀ yí padà. Màá padà wá.

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ ṣeun. Mo ti fàlà sábẹ́ Jeremáyà 31:32. Lọ́jọ́ Àìkú, màá ní kí olùkọ́ wa kà á sókè fún gbogbo kíláàsì.