Ta ló ní ataare kì í hù lọ́gbà?

Ẹni tó ń se àgbo ń wá ataare, ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ ń wá a, síbẹ̀ ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kò ṣe é gbìn, inú igbó ló ti ń dá hù. Èmi náà gbà á gbọ́, torí mo ti dán an wò rí. Mo ra odidi kan lọ́jà, mo fọ́ ọ, mo da hóró rẹ̀ sínú abọ́ ike tí mo bu erùpẹ̀ sí, mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, koríko nìkan ló hù.

Ataare kọ́ ló kọ̀. Èyí tí à ń rà lọ́jà, wọ́n ti sá a títí èèpo rẹ̀ fi hunjọ. Ọ̀pọ̀ hóró inú rẹ̀ ti kú kó tó dórí àtẹ. Pé ó ṣì ń ta lẹ́nu kò ní ká retí pé yóò hù. Inú èso tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni kí ẹ ti yọ irúgbìn, kí ẹ fọ ohun funfun tó bò ó kúrò, kí ẹ sì gbìn ín kó tó gbẹ. Ó ṣì máa pẹ́ kó tó yọjú o.

Èyí tó yá jù ni kí ẹ gbin gbòǹgbò. Orúkọ ló ń tàn wá: a gbọ́ "ata", a rò pé mọ̀lẹ́bí ata rodo ni. Mọ̀lẹ́bí atalẹ̀ ni, bíi ti atalẹ̀ náà ló ń na gbòǹgbò tó nípọn lábẹ́ ilẹ̀. (Ata rodo gan-an, àlejò ni. Ẹ̀yìn 1492 ló kúrò ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn oníṣòwò ti ń gbé ataare gba aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Yúróòpù tipẹ́.) Ẹ gé gbòǹgbò tó ní igi kan tàbí méjì lórí, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Abẹ́ kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára, níbi tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé. Ọ̀sán gangan a máa jó ewé rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Tiwa hù, kò so ni." Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń ro ìdí rẹ̀. Ọkọ́ ni.

Bàbá tó fún mi ní gbòǹgbò lóko kòkó rẹ̀ ló là mí lójú. Mo gbójú sókè, mo ń wá èso lórí igi. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀." Ó gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òdòdó kan tó lanu bíi fèrè, tó ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ló jókòó sórí ilẹ̀, ní ìdí igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mi léjìká. Ilẹ̀ ni ataare ti ń so! Ẹni tó ń fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀, òdòdó ló ń gé dànù, á wá ní inú igbó nìkan ló ti ń so. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko rẹ̀.

Lọ́dún kẹta, tèmi so mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo la ọ̀kan. A máa ń wúre pé ataare kì í bímọ tirẹ̀ láàbọ̀, ni mo bá ní kí n ka hóró rẹ̀. Ó sú mi láàárín. Mo dà wọ́n sínú omi, mo fọ̀ wọ́n, mo gbìn wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà.