Kọ̀ǹpútà náà máa ń gbàgbé
Nínú àpilẹ̀kọ yín, ibi tí ẹ ti sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé ohun tó bá ti kọ́ ni mi ò fara mọ́. Fáìlì tí a tọ́jú sínú rẹ̀ ni kì í gbàgbé. Èyí tó ń kọ́ nǹkan fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé gan-an: tí wọ́n bá ń kọ́ ọ ní tuntun láìfi ti àtijọ́ kún un, tuntun lè pa ti àtijọ́ rẹ́. Nígbà tí àwọn DeepMind, ilé-iṣẹ́ Google tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan fúnra rẹ̀, kọ́ kọ̀ǹpútà ní Atari, géèmù àtijọ́ tí wọ́n ń ta lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ṣe ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ìrírí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣà lára wọn, àtijọ́ àti tuntun, kó lè tún fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ọpọlọ eku pàápàá máa ń tún ọ̀nà tó ti rìn rìn lójú oorun.

Ẹni tó sọ nínú àwọn èsì tó wà lókè pé àtúnyẹ̀wò ń fi àkókò ọmọ ṣòfò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ní Kubwa l'Abuja níbí. Àwọn tí mo ń da ìbéèrè oṣù tó kọjá mọ́ ti òní fún ló ń rántí. Ìdánwò Common Entrance ló sì wà níwájú wọn, kò ní bi wọ́n ní ti ọ̀sẹ̀ yìí nìkan.