Iṣẹ́ kálámù Elias ju oyè rẹ̀ lọ

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí Adájọ́ Taslim Ọláwálé Elias. Àmọ́ oyè rẹ̀ nìkan ni ìròyìn yín kà: mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà òmìnira, adájọ́ àgbà Nàìjíríà láti 1972 sí 1975, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fo ìwé tó kọ?

Nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé àwa ò ní òfin, pé àṣà lásán la ní, ọmọ Èkó yìí jókòó, ó kọ ìwé lórí òfin níní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní 1951, ó sì kọ ti òfin ìbílẹ̀ Áfíríkà ní 1956. Ó fi hàn wọ́n pé òfin ni òfin ń jẹ́, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí wa dá ta ilẹ̀ láìsọ fún olórí ẹbí, òfin ìbílẹ̀ yẹn ni lọ́yà wa dúró lé: ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá mi, tí kò mọ̀wé, ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ohun tí irú ìyá mi mọ̀ ni Elias kọ sílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ fi ń gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nípa àwọn ìwé náà fún wa.