Opó Dáwó, Ọ̀gá Sunkún

Èkìtì kete, ẹ wá wo àṣà ìgbàlódé. Olóṣèlú kì í fi owó ara rẹ̀ ra fọ́ọ̀mù ìdíje lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mọ́, wọ́n máa ń rà á fún un ni. Bí ẹ bá rí olùdíje tó tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ ra fọ́ọ̀mù, ẹ bá a kẹ́dùn. Kò lẹ́nìkan.

Wọn á gba gbọ̀ngàn l'Ádó. Ọlọ́kadà á jókòó lápá kan, opó lápá kejì, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó dé fìlà ẹgbẹ́ á dúró láàrin nítorí fọ́tò. Bàbá àgbàlagbà kan á gbé sọ̀wédowó onípáálí tó ga ju òun alára lọ. Ọ̀gá olùdíje á yọ áńkáṣíìfù nu ojú. "Háà, ẹ bá mi lójijì!" Agbádá tó wọ̀ sì bá àwọ̀ bánà ara ògiri mu rẹ́gí.

Mo bá ní kí n ṣírò ó. Ṣáájú ìdìbò 2023, ₦20 mílíọ̀nù ni APC ń ta fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀. Bí ọlọ́kadà 400 bá dá a, ₦50,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ìjìgbò lọ sí Baṣírì ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná, kí òun fi ra epo tí yóò gbé wa débẹ̀. Ti ààrẹ jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù, a sì gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ló ra ti àwọn kan. Èmi náà lọ́rẹ̀ẹ́ o. Owó bíà tí wọ́n jẹ mí ni wọn ò tíì san.

L'Amẹ́ríkà, owó ìpolongo lẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2016, dọ́là 27 ni Bernie Sanders, tó ń wá ipò ààrẹ, fi ń yangàn káàkiri: iye tí ọrẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá fún un ń jẹ́ nìyẹn, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju dọ́là 200 lọ, wọn á kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣe é sílẹ̀, gbogbo ayé á rí i. Wọn á mọ̀ bóyá olùkọ́ ló ń fẹ́ràn olùdíje yìí ni, àbí lọ́yà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò níbí. Orúkọ: Ẹgbẹ́ Opó. Iṣẹ́: kọngílá. Ibi iṣẹ́: yóò di mímọ̀ bí ọ̀gá bá wọlé.

Òfin ìdìbò 2022, tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ fún olùdíje ní ju ₦50 mílíọ̀nù lọ. Ẹ rí ìwúlò opó báyìí? Wọ́n pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ apá ibi tí owó ń ṣàn sí l'Ékìtì. Lọ́dún 2014 tí Fayose gbá gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú ìdìbò gómìnà, "stomach infrastructure", ìyẹn kí olóṣèlú máa fi oúnjẹ bọ́ ikùn aráàlú, di orin ẹnu ọmọdé. Nígbà tó di 2018, "dìbò kó o sebẹ̀" ló gbòde. Ẹni tí wọ́n ń fi ìrẹsì bẹ̀ nígbà ìdìbò náà ló wá ń ta olówó lọ́rẹ mílíọ̀nù!

Mo fi fọ́tò kan han ìyá tí mo ti ń jẹyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn oníyán dá ₦2 mílíọ̀nù. Ìyá fa fóònù mọ́ra, ó rí ara rẹ̀ ní ìlà kejì, gèlè ti yẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ká wá gba ìkòkò ni."

"Ṣé wọ́n fún yín, ìyá?"

"Ike ni wọ́n fún wa."

Ó gbé ọmọ odó, ó gún un díẹ̀, ó tún dúró.

"Ó dáa, bá mi pè wọ́n. Ní kí wọ́n yọ ₦5,000 fún mi nínú owó tí mo fún wọn. Iṣu ti wọ́n."