Kì í ṣe ìtàn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni Nolan ń ṣe

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ pé fíìmù tuntun olùdarí fíìmù Christopher Nolan dá lórí àwọn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò lo kámẹ́rà IMAX, kámẹ́rà ńlá tó ń ya fíìmù fún ojú ìwòran gbàǹgbà. Ẹ má bínú, méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Àhesọ oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ti òkú yẹn, nígbà tí a ò tíì mọ àkòrí fíìmù náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Universal, iléeṣẹ́ tó ni fíìmù náà, fẹnu ara wọn sọ ọ́: The Odyssey ni, ìtàn Odysseus, jagunjagun ilẹ̀ Gíríìsì tó ń wá ọ̀nà ilé lẹ́yìn ogun Troy.

Ti kámẹ́rà ló ká mi lára jù. Láti The Dark Knight, ní 2008, ni Nolan ti ń lò ó. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kámẹ́rà IMAX nìkan ló fi ya The Odyssey láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ ńlá gbáà sì ni. Kámẹ́rà yẹn ń pariwo débi pé ó ń bo ohùn òṣèré mọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni róòlù fíìmù inú rẹ̀ kan sì ń lò kó tó tán, ni wọ́n á bá tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Àfìgbà tí wọ́n ṣe kámẹ́rà IMAX tí ariwo rẹ̀ dínkù ló tó lè fi ya gbogbo fíìmù náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kọ. Àwọn àbúrò tó fọkàn tán yín ti ń pín in kiri.