Aláàánú Orí Kọ̀ǹpútà

Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Peckham, aláàánú èèyàn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ó gba èèyàn mẹ́rin lọ́wọ́ ikú láìmọye ìgbà kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹ̀wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó bá òun wò lórí iná sì jóná kanlẹ̀. Aago èéfín tó wà lókè àjà ń han gooro. Kò gbọ́, ó ti fi nǹkan dí etí méjèèjì. Ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò létí rẹ̀ ló tó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Èmi ni healer. Tí mo bá dìde, gbogbo wọn ló máa kú."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà kí n lè mọ àwọn tó fẹ́ kú. Màlúù kan tó ń rìn lẹ́sẹ̀ méjì ló ṣíwájú, òkú mẹ́ta tẹ̀ lé e. Òkú gan-an ni mo wí o; ẹ̀yà òkú wà nínú eré orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe. Àwọn òkú yìí ni kò gbọdọ̀ kú.

World of Warcraft ni wọ́n ń pe eré náà. Blizzard, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ló gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Èèyàn márùn-ún ló ń kó wọ inú dungeon, ihò tí ẹbọra àti dírágónì fi ṣe ilé. Ẹnì kan ni tánkì, kì í ṣe tánkì omi orí òrùlé o, òun ni wọ́n ń lù kí àwọn yòókù lè ráyè. Ẹni mẹ́ta ni DPS, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ṣáà máa lu nǹkan. Ẹnì kan tó kù ni healer, adáhunṣe wọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọmọ aráyé ṣe rí: gbogbo wọn ló fẹ́ lù, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ọgbẹ́. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti wá ṣètò tó ń ṣa àwọn tí kò mọra wọn pọ̀, ní oṣù kejìlá 2009, ńṣe ni DPS ń tò bí ẹni tó ń dúró de epo bẹntiróòlù, adáhunṣe á sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bíi mọ́tò gómìnà. Nígbà tó di 2011, wọ́n tún fi àpò ẹ̀bùn lé e: iṣẹ́ tó bá ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, ẹni tó bá gbà á ṣe á rí wúrà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn he. Bí àánú ṣe wọ ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn nìyẹn.

N kò bá wọn jà sí ìyẹn. Ta ni kì í gba àbùjá? Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tó bá ní healer lòun báyìí, á gbé àyà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ díákónì. "Èmi ò fẹ́ràn òkìkí, Bọ̀dá mi, ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àbúrò wa sọ fún mi lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo pé òun ò fẹ́ràn òkìkí.

Kí ẹ sì wá rí bí wọ́n ṣe ń ṣa irú healer tí wọ́n fẹ́ jẹ́, bí ẹni tó ń ṣa aṣọ ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa wí pé jẹ́jẹ́ lòun á mú Druid, tó ń fi ewé àti igi wo aláìsàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé àgbo fún n'Íbàdàn, tó ní ó ń rùn, òun ló wá di bàbá eléwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwo àti ère á di Shaman. Láti 2022, ẹni tó bá fẹ́ lè di Evoker, kó jẹ́ dírágónì fúnra rẹ̀. Paladin, jagunjagun ẹlẹ́sìn, ń gbé ọwọ́ lé èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pe iṣẹ́ ọ̀hún, Lay on Hands: aláìsàn á yá pátápátá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré ti àtijọ́, agbára tó kù lára Paladin á gbẹ tán, ó sì di wákàtí kan kó tó tún lè gbé ọwọ́ lé ẹlòmíràn. Àwọn pásítọ̀ wa kì í sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Ti Priest ló ga jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún àlùfáà yìí, méjì ń woni sàn, ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní Shadow, lílù ló ń lù. Àwọn kan á mú àlùfáà, wọ́n á yà sọ́nà Shadow, ara wọn á di elésè àlùkò, wọ́n á wá fajú ro bí ẹni tó ń kú lọ bá ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

Àbúrò wa kì í ṣe Shadow. Ó ń woni sàn tọkàntọkàn. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wo ibi tí ojú rẹ̀ wà: àpótí kéékèèké márùn-ún tó ní àwọ̀ nínú, ọ̀kan fún ẹ̀mí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àpótí kan bá ń fà wálẹ̀, á tẹ nọ́ńbà. Á kún padà. Èkejì á fà. Iná ń jó lẹ́yìn àpótí, ohun ńlá kan ń bú ramúramù, kò wo ibẹ̀. Mo bi í pé báwo ni dírágónì tí wọ́n ń bá jà láti ọjọ́ yìí ṣe rí. Ó ronú díẹ̀.

"Ó tóbi, Bọ̀dá mi."

Nígbà tí agbára rẹ̀ tán, ó jókòó mu omi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Màlúù ò dúró. Ó sáré wọ àárín àwọn ẹbọra bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, kò pẹ́ ló nà gbalaja. Ẹnì kan nínú àwọn òkú wá tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, "healer", àti àmì ìbéèrè méjì. Ojú àbúrò wa yí padà. Ó jí màlúù dìde, kò fèsì. Àmọ́ nígbà tí màlúù tún kó ìjọ̀gbọ̀n mìíràn jọ, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo àpótí bó ṣe ń gbẹ, títí tó fi gbẹ tán. Ó ní ẹ̀kọ́ lòun ń kọ́ ọ. Mo rántí ìyá tó máa ń bu ẹran níbi àríyá, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn mọ eegun tó tọ́ sí ẹ.

Ọ̀rọ̀ wọn tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú Final Fantasy XIV, eré tí Square Enix ti Jàpáánì ń ṣe, àwọn healer kan kéde ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kẹfà 2024. Ẹ̀sùn wọn ni pé tánkì ti ń wo ara rẹ̀ sàn jù, kò sí ọgbẹ́ tó kù fún àwọn. Àìsàn ò tó, wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́. Oṣù yẹn náà ni àwọn junior doctor ní England daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Àbúrò wa bá wọn kẹ́dùn gidigidi. Àwọn ti inú eré ni mo ń wí.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó di òru ọ̀gànjọ́, orí ń fọ́ ìyàwó mi, bóyá èéfín ẹ̀wà ni. Ó pè láti yàrá pé kí àbúrò òun bá òun mú Panadol àti omi wá láti kíṣìnì.

"Àǹtí mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn ń kú níbí!"

Èmi ni mo dìde lọ mú un. Ó gbé e mì, ó dùbúlẹ̀. Mo dúró díẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo wo ilẹ̀, mo wo àjà. Àpò ẹ̀bùn kankan ò já bọ́.